Hagen Kan Ṣoṣo Ni: Ọkùnrin Tó Wọn Omi Nínú Páìpù Idẹ, Tó Sì Ya Àwòrán Èbúté Ogun

Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tàbí físíìsì ní yunifásítì á ti gbọ́ òfin kan tí wọ́n ń pè ní Hagen–Poiseuille, èyí tó ń sọ bí omi ṣe ń gba inú páìpù tóóró kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ogun ojú omi á bá Hagen kan pàdé nínú ìtàn Wilhelmshaven, ìlú èbúté tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun Jámánì ń gbé. Bí èèyàn bá sì ń wo orúkọ àwọn ọ̀gá ìkọ́lé tó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Hagen kan tún wà níbẹ̀. Ó rọrùn kéèyàn rò pé ẹni mẹ́ta ni wọ́n, tàbí kó sọ pé bàbá àti ọmọ ni.

Ẹnì kan náà ni. Gotthilf Hagen lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1797 ní ìlú Königsberg, ó sì kú ní Berlin ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1884, ó ku oṣù kan péré kó pé ẹni ọdún 87.

Ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "Jámánì" yìí wò, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Hagen, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Jámánì. Ìjọba ńlá àti ìjọba kéékèèké ló wà káàkiri, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, àmọ́ kálukú ló ní olórí tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀ àti aṣọ́bodè tirẹ̀. Kò yẹ kó ṣòro fún àwa láti fojú inú wò ó: Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, èdè kan, adé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Prọ́ṣíà ló lágbára jù nínú àwọn ti àríwá, ọmọ Prọ́ṣíà sì ni Hagen. Ọdún 1871 ni wọ́n tó so gbogbo wọn pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, Hagen ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Nítorí náà, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ "ará Jámánì" ló ṣe fún ọba Prọ́ṣíà. Ìlú tí wọ́n ti bí i gan-an kò sí lára Jámánì mọ́ lónìí. Ọwọ́ Rọ́ṣíà ló wà, Kaliningrad ni wọ́n sì ń pè é.

Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìwé kan á pè é ní ayàwòrán ilé, òmíràn á pè é ní ẹnjiníà, ẹ̀kẹta á ní onímọ̀ físíìsì ni. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ní Prọ́ṣíà ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba kọ́lé gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kó tó di ohun tí wọ́n ń pè ní Baumeister, ìyẹn ọ̀gá ìkọ́lé. Ìdánwò yẹn kò mọ sórí ilé nìkan. Afárá wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, ìdíwọ̀ odò àti èbúté wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí èèyàn bá yege ni kálukú á wá rọ̀ mọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù: àwọn kan gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin, àwọn kan gbájú mọ́ omi. Omi ni Hagen rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá wá ilé aláràbarà kan tó kọ́ ní Berlin, tí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀, ẹ máa wá a tì ni. Ohun tó kọ́ wà lábẹ́ omi, tàbí ó wà létí omi níbi tí ìgbì ti ń gbá a.

Kí ló wá kan físíìsì? Ilé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Hagen wọ yunifásítì Königsberg ní 1816, ẹni tó sì ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ níbẹ̀ ni Friedrich Wilhelm Bessel. Bessel yìí ni ọkùnrin tó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1838 nígbà tó wọn bí ìràwọ̀ kan ṣe jìnnà sí wa tó, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ṣe dáadáa ṣáájú rẹ̀. Inú ẹbí Hagen náà ni Bessel ti fẹ́ ìyàwó. Lọ́dọ̀ Bessel, ẹ̀kọ́ tó ṣáájú gbogbo ẹ̀kọ́ ni pé kò sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe nínú, iṣẹ́ ọlọgbọ́n sì ni kó mọ bí àṣìṣe náà ṣe tóbi tó. Hagen kò tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sídìí ìràwọ̀. Ó kúrò, ó lọ ṣe ìdánwò àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní 1819, ó ṣe ti Baumeister ní 1822. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọwọ́ Bessel kò fi í sílẹ̀. Ní 1837 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ àti àṣìṣe inú ìwọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn ìdánwò, ó rìnrìn àjò. Ó kárí ilẹ̀ Jámánì, ó dé Faransé, Netherlands àti Switzerland, kò sì lọ gbafẹ́. Ìdíwọ̀ omi, afárá àti èbúté tuntun ló ń lọ wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó jáde ní 1826. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó èbúté ní Pillau, ìlú kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí ọ̀sà ńlá kan ti já sínú òkun Baltic, tí Königsberg sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìtàn ẹnu ọ̀sà Èkó mọ irú wàhálà tó wà níbẹ̀. Ẹnu tóóró ni ọkọ̀ ń gbà wọlé, ìgbì ń ti yanrìn wá láti ẹ̀gbẹ́, omi ọ̀sà náà ń ti yanrìn jáde láti inú, ẹnu ọ̀nà sì ń yí padà bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí. Ibẹ̀ ló lo ọdún mélòó kan. Lójú tèmi, Pillau ni yunifásítì rẹ̀ kejì, torí kò sí ìwé tó lè fi hàn èèyàn bí omi ṣe ń gbé yanrìn tó bíi kéèyàn dúró tì í ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò.

Nígbà tí wọ́n ti wọ ọdún 1830, ìjọba pè é wá sí Berlin, sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ gbogbo iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba wò. Karl Friedrich Schinkel ni olórí ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, ẹni tí àwọn ará Berlin ṣì ń fi ilé rẹ̀ yangàn títí di òní. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé kan fi ń to Hagen mọ́ àwọn ayàwòrán ilé. Ó tún ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìkọ́lé ní Berlin láti 1834 títí di 1849. Láti 1841 lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ omi, ìdìpọ̀ lórí ìdìpọ̀, ó sì lé ní ogún ọdún kó tó parí rẹ̀. Ní 1842, Akadẹ́mì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Prọ́ṣíà gbà á wọlé. Iṣẹ́ ìjọba ló ń jẹ ní ọ̀sán, ó sì jọ pé inú àkókò tó kù ló ti ń ṣe ohun tó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn oníṣègùn tí kò mọ̀ pé ó kọ́ èbúté rí.

Ọ̀rọ̀ páìpù wá kàn wá wàyí. Ìbéèrè náà rọrùn láti bi: bí a bá fi ipá kan náà ti omi gba inú páìpù méjì, tí ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ, báwo ni èyí tó fẹ̀ á ṣe gbé omi jù tó? Ọ̀pọ̀ wa á ní bí páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, omi á ṣe ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ronú díẹ̀ sí i á rántí pé ojú páìpù tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gba ààyè ìlọ́po mẹ́rin, á wá ní ìlọ́po mẹ́rin. Méjèèjì kò tọ̀nà.

Hagen mú páìpù idẹ mẹ́ta. Ihò èyí tó tín-ín-rín jù fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 2.5, èkejì tó mìlímítà 4, ẹ̀kẹta sún mọ́ mìlímítà 6. Èyí tó kúrú jù nínú wọn kò tó ìdajì mítà, àwọn méjì yòókù lé díẹ̀ ní mítà kan. Ó jẹ́ kí omi gba inú wọn, ó wọn ipá tó ń ti omi, ó wọn iye omi tó jáde, ó sì wọn bí omi ṣe gbóná tó, torí ó kíyè sí i pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń yára ju omi tútù lọ. Nígbà tó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí i pé kò tó kéèyàn fi ìbú páìpù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iye ìgbà tí ìṣirò rẹ̀ ní kéèyàn fi ìbú náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni 4.12.

Ẹ̀kọ́ Bessel ló wá wúlò níbí. Ẹlòmíràn ì bá tẹ 4.12 jáde bó ṣe rí i. Hagen mọ bí àṣìṣe ṣe lè wà nínú ìwọ̀n páìpù tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ìdá díẹ̀ tó lé lórí mẹ́rin yẹn kò ju ohun tí àṣìṣe lè fà. Ó ní mẹ́rin ni. Ó gbé e jáde ní 1839. Ohun tí mẹ́rin yẹn túmọ̀ sí rèé: bí ìbú páìpù bá di ìlọ́po méjì, ẹ sọ méjì di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn 2 × 2 × 2 × 2, ó di 16. Omi tó máa jáde á jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, bí páìpù méjèèjì bá gùn bákan náà tí ipá tó ń ti omi kò sì yàtọ̀. Ẹ yí i padà: bí páìpù bá fún pọ̀ di ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún omi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ni á máa gbé.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi nífẹ̀ẹ́ òfin yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára èèyàn tí wọ́n fẹ́ tètè fi omi sí i lára, wọn kì í fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gígùn ṣe é, èyí tó nípọn tó sì kúrú ni wọ́n ń wá, torí ìyàtọ̀ kékeré nínú ihò abẹ́rẹ́ ń di ìyàtọ̀ ńlá nínú omi tó ń wọlé. Bí ọ̀rá bá sì mú kí ihò iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan dín kù ní ìdá kan péré nínú mẹ́wàá, bí a bá fi òfin yìí ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà á kọjá ló máa dín kù bí ipá ọkàn kò bá yí padà.

Ta wá ni Poiseuille? Dókítà ará Faransé ni, Jean Léonard Marie Poiseuille. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló gbé e débẹ̀, páìpù gíláàsì tó tín-ín-rín gan-an ló sì lò. Àkókò kan náà ni òun àti Hagen ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó wo iṣẹ́ èkejì. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ Poiseuille nìkan ni wọ́n ń dá. Àwọn onímọ̀ ìkẹ́yìn ló rí i pé iṣẹ́ Hagen ti jáde ní 1839, kí Poiseuille tó tẹ tirẹ̀ jáde tán, wọ́n wá so orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí Hagen tó wú mi lórí ju òfin náà fúnra rẹ̀ lọ, tí àwọn ìwé ilé ìwé kì í sábà sọ. Ó rí i pé òfin náà ní ibi tó mọ. Bí omi bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òfin náà ṣiṣẹ́. Tí ipá bá pọ̀ jù, tí omi bá ń sáré, òfin náà á já, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìgbọ̀njìgbọ̀njì. Ó fi ìyẹ̀fun igi tí ayùn máa ń sọ sílẹ̀ sínú omi kó lè rí ìrìn rẹ̀. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, ìyẹ̀fun náà ń lọ gbọọrọ. Nígbà tí omi yára, ó ń pòòyì, ó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1883, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Osborne Reynolds ṣe irú àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú omi aláró, orúkọ rẹ̀ ló sì lẹ̀ mọ́ ọ.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àṣìṣe kan tó rọrùn láti ṣe. Ẹnì kan lè sọ pé, "Áà, òfin páìpù yìí ló fi ṣírò èbúté." Rárá o. Omi inú òkun kì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti inú páìpù mìlímítà mẹ́rin, pòòyì-pòòyì ni tirẹ̀. Hagen gan-an mọ ìyàtọ̀ náà ju ọ̀pọ̀ èèyàn ayé rẹ̀ lọ. Ohun tó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni ìbéèrè tó ń bi omi: nígbà tí ọ̀nà bá fún, kí ni omi ń ṣe?

Ìbéèrè yẹn di ọ̀rọ̀ ìjọba lẹ́yìn ọdún 1848. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Jámánì àti Denmark. Lórí ilẹ̀, àwọn ọmọ ogun Prọ́ṣíà lágbára. Lójú omi, wọn kò ní nǹkan kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ọkọ̀ ogun Denmark wá dúró lẹ́nu èbúté, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò, kò sì sí ohun tí Prọ́ṣíà lè ṣe ju kó máa wò lọ. Ẹ̀tẹ́ ńlá ni. Lẹ́yìn náà, Ọmọọba Adalbert, ìbátan ọba, ni ó mú ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi lọ́kùn-únkúndùn. Àmọ́ ìṣòro kan wà: gbogbo etíkun tí Prọ́ṣíà ní, òkun Baltic ló kọjú sí. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ ti Baltic jáde sí òkun ńlá gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denmark. Bí ẹni tó kọ́lé sínú ọgbà ni, tí kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà.

Prọ́ṣíà fẹ́ etíkun Òkun Àríwá, kò sì ní. Ó wá lọ rà á. Ní ọjọ́ ogún oṣù keje 1853, Prọ́ṣíà àti ìjọba kékeré Oldenburg tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: Prọ́ṣíà á gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 313 lẹ́bàá omi Jade, ó ju pápá bọ́ọ̀lù irínwó lọ, á sì san 500,000 Taler, owó fàdákà ayé ìgbà náà. Wọ́n fi àdéhùn náà pa mọ́ di ọdún tó tẹ̀ lé e, torí ìjọba Hannover tó múlé gbè wọ́n kò ní fara mọ́ ọn rárá. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá 1854 ni Prọ́ṣíà wá gba ilẹ̀ náà sọ́wọ́. Kí ló wà níbẹ̀? Ẹrẹ̀, pápá oko, abúlé díẹ̀, àti òkìtì amọ̀ gíga tí àwọn àgbẹ̀ mọ láti fi dènà òkun. Kò pé oṣù méjì tí ìjì líle ọdún tuntun 1855 fi bẹ́ lu etíkun yẹn, bí ẹni pé òkun ń kí onílẹ̀ tuntun káàbọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan ibi ẹlẹ́rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ibí gan-an ló yẹ ká dúró sí díẹ̀, torí ó jọ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. Èbúté ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ jìn, ẹrẹ̀ sì ni ọ̀tá ìjìnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èbúté wà lẹ́nu odò, odò sì máa ń ru ẹrẹ̀ wá láti òkè, á máa dà á sẹ́nu èbúté lójoojúmọ́, wọ́n á máa kó o láìsinmi. Jade kì í ṣe odò ńlá. Apá òkun kan ló ya wọ inú ilẹ̀, tí ìjì àti ìkún omi láyé àtijọ́ fi gbogbo ọ̀rúndún gbẹ́. Ẹ fojú inú wo ìgò tí ikùn rẹ̀ gbòòrò, tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ikùn yẹn ni omi tí wọ́n ń pè ní Jadebusen. Ọrùn yẹn ni ọ̀nà tó já sí òkun.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, omi òkun á kún, á gba ọrùn wọ ikùn. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á fà padà. Ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà níbẹ̀ lé ní mítà mẹ́ta àbọ̀. Gbogbo omi tó kún ikùn gbọ́dọ̀ gba ọrùn kékeré yẹn jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ bá ti fi ìka dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ mọ́tò, ẹ mọ bí omi ṣe ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Omi tó ń sáré jáde lọ́rùn Jade ń gbá ẹrẹ̀ lọ, ó ń jẹ́ kí ọ̀nà jìn. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún un. Omi iyọ̀ tí kì í dákẹ́ yìí kì í sì í tètè di yìnyín ní ìgbà òtútù bíi ti Baltic.

Ọ̀rọ̀ náà wá ní ìjàǹbá kan nínú tó fara pamọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ etíkun yẹn ti ń mọ òkìtì amọ̀ sínú omi, tí wọ́n ń sọ ibi tó jẹ́ ẹrẹ̀ di oko. Iṣẹ́ akíkanjú ni, oko náà sì lọ́ràá. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ tí àgbẹ̀ bá gbà lọ́wọ́ òkun ń mú kí ikùn ìgò kéré sí i. Bí ikùn bá kéré, omi tó ń jáde á dín kù. Bí omi bá dín kù, agbára tó ń gbá ẹrẹ̀ lọ́rùn á rọ. Oko tí ẹnì kan gbà ní ìsàlẹ̀ Jadebusen lè di ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ogun ní ọ̀nà jíjìn. Ní 1883, nígbà tí Hagen ṣì wà láàyè, ìjọba Jámánì ṣe òfin lórí àwọn èbúté ogun, òfin yẹn sì dá gbígba ilẹ̀ kún ilẹ̀ nínú Jadebusen dúró. Mi ò rántí òfin ogun mìíràn tó dáàbò bo ẹrẹ̀.

Kí èbúté tó wà, àwòrán gbọ́dọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Hagen sì ni alága rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1856, Ọba Friedrich Wilhelm Kẹrin fọwọ́ sí àwòrán náà. Ẹ wò ó báyìí. Ọkọ̀ ogun kò lè dúró síbi tí omi ti ń lọ sókè sódò ju mítà mẹ́ta lọ. Á jókòó sórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ adágún èbúté sínú ilẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn omi ńlá pààlà láàárín rẹ̀ àti òkun. Ọkọ̀ á ti òkun wọlé láàárín ògiri méjì tó nà sínú omi, á dé ilẹ̀kùn omi, wọ́n á tì í mọ́ inú yàrá omi kan títí omi inú àti omi ìta á fi dọ́gba, wọ́n á wá ṣí apá kejì. Láti ibẹ̀ á gba odò àgbẹ́ wọ adágún inú, níbi tí ìkún àti ìfà òkun kò ti ní agbára lórí rẹ̀. Lẹ́bàá adágún yìí ni ọgbà ìkànkọ̀ wà, pẹ̀lú kòtò olókùúta mẹ́ta tí wọ́n lè fa omi inú rẹ̀ gbẹ láti tún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe, àti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tuntun tí wọ́n á sì tì í sómi.

Ẹ jẹ́ ká má fi oyè gbogbo fún Hagen. Berlin ló ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti ń bójú tó o. Ẹni tó dúró sínú ẹrẹ̀ ní ti gidi, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ lórí ilẹ̀, ni Heinrich Wilhelm Goeker. Òpópónà ńlá kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Wilhelmshaven títí di òní, Gökerstraße. Nígbà tí ìwé kan bá sọ pé Hagen ló kọ́ èbúté náà, tí òmíràn sì sọ pé Goeker ni, méjèèjì kò ta ko ara wọn: ọ̀kan ló ya á, èkejì ló kọ́ ọ.

Iṣẹ́ Goeker kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Ilẹ̀ rọ̀ débi pé òpó igi ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ohunkóhun lé e. Kò sí òkúta nítòsí. Kò sí omi mímu. Omi iyọ̀ ló yí wọn ká, wọ́n sì ní láti gbẹ́ kànga jíjìn gidigidi kí wọ́n tó rí omi tó ṣeé mu. Ibà ń mú àwọn òṣìṣẹ́ bíi pé ilẹ̀ olóoru ni wọ́n wà. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rò pé ibà jẹ́ ti ilẹ̀ wa nìkan, àmọ́ ẹ̀fọn àti ibà wà ní etíkun Jámánì nígbà yẹn. Hannover kò sì jẹ́ kí ojú irin gba ilẹ̀ òun kọjá. 1867 ni ojú irin tó dé láti Oldenburg. Àwọn ará ibẹ̀ fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé wọ́n fún ìlú náà ní ìnagijẹ Schlicktown, ìlú ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà 1869, Ọba Wilhelm Kìíní wá, ó sọ ibẹ̀ ní Wilhelmshaven, èbúté Wilhelm. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Jámánì á béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ "hafen" bí wọ́n ṣe ń kọ èbúté. Ẹ̀ka èdè àwọn ará etíkun ni "haven" yẹn, òun náà ló wà nínú orúkọ Bremerhaven. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ogun Faransé bẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí tán, síbẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ onírin Prọ́ṣíà sá sí, ẹ̀rọ àwọn kan nínú wọn sì ń dà wọ́n láàmú. Ọkọ̀ Faransé ń ṣọ́ wọn lóde òkun, wọn ò lè wọlé bá wọn.

Hagen ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ariwo yẹn. Wọ́n gbé e ga dé ipò ọ̀gá àgbà fún gbogbo iṣẹ́ ìkọ́lé Prọ́ṣíà ní 1869, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1875, nígbà tó ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi sí i, nítorí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ kò gba wọ́n mọ́. Ní 1937, wọ́n yí ààlà padà, ilẹ̀ tí Prọ́ṣíà fi 500,000 Taler rà sì padà bọ́ sábẹ́ Oldenburg, láìsí ẹni tó dá owó padà. Lónìí, èbúté ogun tó tóbi jù ní Jámánì ṣì wà níbẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n ṣí èbúté kọ̀ntéénà kan sí ọrùn Jade kan náà, fún àwọn ọkọ̀ tó tóbi ju ohun tí èbúté inú odò lè gbà lọ. Ní oṣù Kejìlá 2022, nígbà tí gáàsì Rọ́ṣíà dá dúró tí Jámánì ń wá ibòmíràn kánkán, Wilhelmshaven ni wọ́n kọ́kọ́ so ọkọ̀ tó ń gba gáàsì olómi mọ́. Ikùn ìgò náà, Jadebusen tí òfin 1883 kò jẹ́ kí àgbẹ̀ gbà, ti di apá kan nínú ọgbà ìpamọ́ ìjọba. Ẹyẹ ló ń jẹun lórí ẹrẹ̀ rẹ̀ nígbà tí omi bá fà.